Níbo Ni Omi Wà? Àwọn Etí Ọ̀sà tí A Kì Í Sábà Dé, Láti Èkó Títí Kan Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ kí ẹ lè wá jókòó tì wá ní gbọ̀ngàn yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ibi ìgbafẹ́ etí omi ní ìlú ńlá, mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n wá ka orúkọ àwọn ilé ìtura àti etíkun tí gbogbo yín ti rí nínú fóònù yín. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì l'Ékòó kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo padà wálé. Ṣómólú ni mo gbé ní gbogbo àkókò náà, n kò sì ní mọ́tò, nítorí náà ẹsẹ̀ ni mo fi mọ omi Èkó.

Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo mú ọmọ ọmọ mi obìnrin lọ sí Marina. Kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà náà, mo sì ti ń sọ fún un láti ilé pé ọ̀sà la ń lọ wò. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú dáńfó ní CMS, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí afárá lókè orí, ó rí èrò, ó rí àwọn tó ń ta okùn ṣájà, ó wá gbójú sókè sí mi, ó ní, "Bàbá àgbà, níbo ni omi wà?" Omi náà kò jìnnà sí wa tó ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé, ṣùgbọ́n òpó afárá, ògiri àti wáyà ti gbà á mọ́ ọn lójú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní òṣùwọ̀n kan tí mo fi ń wọn ibikíbi tí wọ́n bá pè ní etí omi. Ṣé ẹni tí kò lówó lápò lè rìn débẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó ti ọwọ́ bọ omi, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé ta ló ní kí ó wá? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, etí omi ni ibẹ̀ lóòótọ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ẹlòmíràn tó dojú kọ omi ni. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ gbé kiri pẹ̀lú yín lónìí, láti Èkó títí a ó fi dé ẹ̀yìnkùlé wa níbí.

Kò yẹ kí ìlú tó ń jẹ́ Èkó wá omi tì. Ìpínlẹ̀ Èkó ló kéré jù lọ ní ilẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3,577 kìlómítà níbùú lóòró, nǹkan bí 787 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sà, odò kéékèèké àti àbàtà. Ìjọba ìbílẹ̀ kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Etí-Ọ̀sà. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ní Etí-Ọ̀sà, kí ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni ẹsẹ̀ wọn kan ọ̀sà kẹ́yìn. Marina tí mo sọ yìí, ọ̀nà onígi tí àwọn ará Èkó ti máa ń gba atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ni tẹ́lẹ̀ rí, omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí wọ́n ti ń rìn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, wọ́n da yanrìn sínú ọ̀sà, wọ́n la ọ̀nà mọ́tò sórí rẹ̀, omi sì di ohun tí à ń wò láti òdìkejì títì. Ní Ìkòyí, ọgbà ìgbafẹ́ gbogboogbò kan wà tí wọ́n pín di ilẹ̀ ilé. Parkview ni wọ́n ń pe àdúgbò náà lónìí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí orúkọ yẹn, nítorí pé orúkọ nìkan ló kù nínú ọgbà ọ̀hún.

Ti etíkun Bar Beach ló yani lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn. Nígbà tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ẹnu ọ̀sà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, kí ọkọ̀ ńláńlá lè máa wọlé láìgúnlẹ̀ sórí yanrìn, wọ́n kó òkúta jọ wọ inú òkun bí apá méjì. Òkúta náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó sì tún ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ní etíkun wa, ìgbì òkun máa ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní gbogbo ọjọ́ ayé. Apá òkúta yẹn dá yanrìn dúró, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn níbi tí ilé iná atọ́nà wà bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò, Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn kò sì rí yanrìn gbà mọ́. Òkun ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún títí ó fi ń ru bo ojú títì, kó tó di pé wọ́n kó yanrìn rẹpẹtẹ dà sí i tí wọ́n fi ń tẹ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic dó. Ibi tí tẹrútọmọ ti máa ń lọ jókòó nígbà ọdún ti di ilẹ̀ olówó ńlá báyìí.

Àwọn baba wa ní àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú ni fún adìyẹ. Mo fi ojú ara mi rí i. Lọ́jọ́ kan, mo rìn gba ojú ọ̀nà kan ní Ìkòyí, n kò ní dárúkọ ibẹ̀, mo sì rí àyè kan láàárín ilé méjì tí omi ti ń kọ mànà ní ìsàlẹ̀. Kò sí ìlẹ̀kùn, kò sí àkọlé. Mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sórí òkúta, mo sì ń wo lékeléke méjì tó ń ṣọdẹ nínú ẹrẹ̀. N kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mẹ́gáàdì kan fi dé, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbí." Mo bi í pé ṣé ọ̀gá ló ni omi ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọ̀gá ló ni èmi." Mo dìde. Ìjà wa kọ́ nìyẹn, èmi àti òun ni wọ́n jọ rán lóko.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ síbi tí òṣùwọ̀n mi ti yege. Àkọ́kọ́ ni etí ọ̀sà tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Ọdún 1962 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ní Akọkà sì kan ọ̀sà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti sọ ibẹ̀ di yàrá ìkàwé, ibi àdúrà àti ibi ìfẹ́sọ́nà. Mo máa ń rìn láti Ṣómólú lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọ̀. Ẹ óò rí Afárá Kẹta, ìyẹn Third Mainland Bridge, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8, tí ó nà gbalaja lórí omi bí ìgbà tí ènìyàn fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára pátákó. Ọkọ̀ inú rẹ̀ kì í dún débẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀tún, èéfín ń rú láti Màkókò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja. Láàárín, ọkọ̀ àjẹ̀ àwọn apẹja ń kọjá, wọ́n rán àpò ìrẹsì pọ̀ fi ṣe ìgbòkun, tí ènìyàn sì lè ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó di ìrẹsì náà bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ ẹ tán. Mo ti ka orúkọ ìrẹsì mẹ́rin lójú ìgbòkun kan ṣoṣo rí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yóò bi yín pé níbo lẹ ń lọ. Ẹ sọ fún wọn pé etí ọ̀sà ni.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó kan àwa Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n. Bí ènìyàn bá jókòó pẹ́, yóò rí gẹdú tí wọ́n so pọ̀ bí ẹní, tó léfòó lórí omi, tí ọkọ̀ kékeré kan sì ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú. Òkòbàbà ní Ẹbúté-Mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé wọn lọ fún ìlagi. Igi wọ̀nyẹn, láti àwọn igbó apá Ìjẹ̀bú àti Oǹdó ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, wọ́n á gba ojú odò bọ́ sínú ọ̀sà, wọ́n á sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ léfòó kí wọ́n tó dé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé Èkó ni mo jókòó sí tí mò ń wo Èkó. Kò yé mi pé igi ilé mi ló ń kọjá. Ìjọba ti ń ṣètò àtikó àwọn alágbàlá igi náà lọ sí Agbówà, lọ́nà ìhà tiwa, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rí ẹní gẹdú yẹn l'Ékòó, kí ó má fòní dónìí fọ̀la dọ́la.

Ẹ̀kejì kì í ṣe ibi tí ẹ kò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń rí. Mò ń sọ nípa ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá ní Lekki, tí Nigerian Conservation Foundation ń bójú tó láti 1990, tó tóbi tó hẹ́kítà 78. Gbogbo ènìyàn ń lọ síbẹ̀ nítorí afárá tó gba àárín igi kọjá lókè, tó gùn tó mítà 401. Wọ́n á gùn ún, wọ́n á pariwo, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì lọ. Àwọn ọ̀bọ ti mọ ìṣe wọn, wọ́n ti mọ ẹni tó ní bisikíìtì lọ́wọ́ àti ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gba afárá pákó tó wà nísàlẹ̀, ẹ óò dé ibi ìṣọ́ kékeré kan tó dojú kọ àbàtà. Ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ kò ní rí nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ohun tí ẹ pè ní kùkùté yóò ṣẹ́jú, ọ̀ni ni. Owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ibẹ̀ kò yege nínú òṣùwọ̀n mi pátápátá, àmọ́ n kò bá wọn jà, nítorí bí kì í bá ṣe ọgbà wọn, ilé ni ì bá wà lórí àbàtà náà bíi ti gbogbo àyíká rẹ̀.

Ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1980, Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Oníṣòwò ńlá ni, ó mọ iye tí ilẹ̀ ń pa, síbẹ̀ òun ló ní kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ láìkọ́. Kò yà mí lẹ́nu pé ọmọ etí omi ló ronú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́ yóò ti mọ̀ láti kékeré pé àbàtà kì í ṣe ilẹ̀ òfo. Nígbà tí òjò bá rọ̀, àbàtà ló ń gba omi náà mọ́ra bíi kànrìnkàn, tí á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀; nínú gbòǹgbò igi tó dúró sínú omi iyọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn ga bíi ti alántakùn, ni edé, akàn àti ọmọ ẹja ti ń sá fún ẹja ńlá títí wọ́n á fi dàgbà. Ẹni tó bá dí i, omi òjò yóò wá a wọ inú yàrá, ẹja yóò sì wọ́n lọ́jà. Àwọn tó ń gbé ní Lekki mọ apá kìn-ín-ní dáadáa, nítorí wọ́n ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ lójúde wọn ní oṣù Kẹfà.

Lójú ọ̀nà kan náà, bí ẹ bá ń bọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, igbó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní LUFASI, hẹ́kítà 20 péré, tó ní adágún omi nínú. Desmond Majekodunmi ló dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń sáré kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ láìyà. Tarkwa Bay náà wà, ní ẹ̀yìn apá òkúta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òkúta náà ń gba ìgbì mọ́ra níbẹ̀, omi rẹ̀ sì tutù níwà ju ti òkun gbalasa lọ. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, ìyẹn náà sì ni kò jẹ́ kí ó bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí Oníkan. Ní 1928, Dókítà John Randle fi owó ara rẹ̀ kọ́ odò ìwẹ̀ kan síbẹ̀ kí àwọn ọmọ Èkó lè mọ̀ ọ́n wẹ̀, nítorí ọmọ ń kú sómi nínú ìlú tí omi yí ká. Wọ́n wó o nígbà tó yá, wọ́n sì tún un kọ́ mọ́ ilé àṣà Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ etí omi tí mò ń gbọ́, ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá àwọn ọmọ náà mọ omi í wẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú náà ń kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ nawọ́ sókè. Mo rí mọ́kànlá. Ẹ ṣeun.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí omi kan òun rárá, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, láti Mile 2 lọ sí Marina. Kó jókòó sí ojú fèrèsé. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá ń gun afárá rẹ̀ wọ Erékùṣù, omi á tẹ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, owó tó sì san kò tó ti ìgò omi ọsàn nílé ìtura etí ọ̀sà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a kọjú sí ilé. Ìkòròdú ni ẹnu ọ̀nà wa, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ sì mọ̀ pé láti Ṣàgámù ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti wá. Ẹbúté Ìpakòdò wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò lọ sí Fálọmọ àti Marina. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ìjẹ̀dẹ́. Ẹni tó wà ní Ìjẹ̀dẹ́ tó fẹ́ lọ sí Badore ní ìhà Àjáh, bí ó bá gba orí ilẹ̀, yóò yí gbogbo Èkó po kó tó débẹ̀. Bí ó bá gba ojú omi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Níbi tí ẹ ti ń dúró de ọkọ̀, ẹ óò rí ẹ̀fúùfù tó ń gbá ojú ọ̀sà, ẹ óò sì rí sìmínì ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin lókèèrè, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, tí omi ọ̀sà yìí kan náà sì ń bá wọn mú ẹ̀rọ wọn tutù. Kò sí àga, kò sí orin, kò sí ẹni tó ń gba owó àbáwọlé. Ìyá kan ń ta àkàrà. Òṣùwọ̀n mi kò rí ibi tó yege jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà la dé Ẹ̀pẹ́. Kò tó wákàtí kan láti ibi tí a jókòó sí yìí, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò dé etí omi rẹ̀ rí, yàtọ̀ sí pé ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère ẹja tó wà lójú títì. Ẹ lọ sí ọjà Olúwo ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọkọ̀ àwọn apẹja ti gúnlẹ̀, àwọn ìyàwó wọn àti àwọn alájàpá ti dúró sínú omi dé orúnkún. Mo na ọwọ́ sí ọ̀bọ̀kún kan nínú abọ́ tánganran, ìyá tó ni ín gbá ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ tọ́ ọ! Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta bí àkekèé." Ó fi àtàǹpàkò àti ìka méjì di orí ẹja náà mú láti ẹ̀yìn, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì rí ẹ̀gún náà tó nà ró ṣáṣá, tó gùn tó ìka ọwọ́ ọmọdé, tó sì ní eyín wínníwínní bí ayùn. Ó ju ẹja náà padà. Ó bi mí pé ṣé màá rà á àbí ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́. Mo rà á.

Ìdí tí Ẹ̀pẹ́ fi wà níbi tó wà ni pé òun ni ilẹ̀kùn Ìjẹ̀bú sí ojú omi. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, Ẹ̀pẹ́ ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró, ìyẹn ló fi jẹ́ pé Ẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú, ó sì ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ilẹ̀kùn náà ni ọ̀tá gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún 1892. Ojú ọ̀sà ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì rìn gba orí ilẹ̀ títí wọ́n fi kan àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú létí odò Yemọji ní Ìmàgbọ̀n. Ẹni tó bá dúró létí odò yẹn lónìí, tó wo bí ó ti fẹ̀ mọ, yóò máa ṣe kàyéfì pé odò kékeré báyìí ni ìlú ńlá fi ṣe odi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló mọ ọ̀rọ̀ ogun náà. Ìwọ̀nba ló mọ ọ̀nà odò.

Tí a bá tún padà sẹ́yìn sí i, Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí tó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, sọ pé bí ènìyàn bá gba ojú omi Èkó wọ inú lọ, yóò dé ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Àwa ni. Omi ni ó kọ́kọ́ fi orúkọ wa dé ètí àwọn ará Yúróòpù. Yàrà náà ni à ń pè ní Erédò Súngbọ́, tí ó lọ yíká tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó sì ga tó mítà 20 níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì. Nínú gbogbo ibi tí mo dárúkọ lónìí, ìsàlẹ̀ Erédò ló tutù jù lọ. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ rí bí ògiri ilẹ̀ náà ti ń làágùn, tí ewéko bò ó bí aṣọ àrán, tí igi méjèèjì òkè sì fi orí kan ara wọn.

Ejìnrìn pẹ̀lú wà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà rẹ̀ létí ọ̀sà wà lára èyí tó tóbi jù lọ ní gbogbo ìhà yìí. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò láti òkè ti ń pàdé àwọn tó gba ojú omi wá láti Èkó. Mọ́tò àti títì ló pa á. Ìparọ́rọ́ tó wà létí omi rẹ̀ báyìí jinlẹ̀ débi pé ènìyàn lè gbọ́ ìró àjẹ̀ kan kó tó rí ọkọ̀.

Bí a bá kọjá ibẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, omi yóò yí padà. Ọ̀sà Èkó máa ń ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òkun bá ti ráyè wọlé, á sì tún di omi dídùn nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ọ̀sà Lekki, tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sí, tí Ìwópin wa jókòó tì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ rárá. Ìyàtọ̀ yìí ló ń yọ wá lẹ́nu lórí ewéko kan. Àwọn babaláwo wa máa ń ṣe é níwúre pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Láti 1984, tí ewéko olódòdó àlùkò kan tí orírun rẹ̀ jẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà ti gba ìhà Badagry wọlé, òun ló ń lékè àwọn méjèèjì. Ní Èkó, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn máa ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ìhà tiwa kò sí iyọ̀ tí yóò pa á, ọkọ̀ apẹja á há sínú rẹ̀ bí ẹni tó wọ oko iṣu ẹlòmíràn lóru.

Ti igbó Ọmọ ní Ìjẹ̀bú ìlà-oòrùn, màá kàn fẹnu bà á ni, nítorí ó tó ọ̀rọ̀ àsọyé fún ọjọ́ mìíràn: hẹ́kítà 130,500, UNESCO sì ti kà á mọ́ àwọn igbó àmójútó àgbáyé láti 1977. Erin wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, erin, ní Ìjẹ̀bú.

Ìdí tí mo fi gbé gbogbo èyí wá síwájú yín nìyí. Ìlú ńlá náà ń bọ̀. Ẹ ti rí àwọn àkọlé ilẹ̀ títà láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìtóìkín, ẹ ti rí ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn lórí omi, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ tó bá dojú kọ ọ̀sà. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni mí, mo mọ ohun tí owó ń ṣe. Ohun tí mo ń tọrọ kéré. Gbogbo abúlé wa ló ní ọ̀nà odò. Ọba kò lè dí i, ọlọ́rọ̀ kò lè dí i, bí ẹni méjì bá sì ń bá ara wọn ṣọ̀tá, wọ́n á jọ pàdé lójú ọ̀nà odò, wọ́n á sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ omi dé sí ilé, a gbàgbé ọ̀nà náà, koríko bò ó, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fún títà kò sì rí ohun tó jọ ọ̀nà mọ́. Bí àwọn mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ ta ilẹ̀ etí omi, kí wọ́n ní kí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ kọ́kọ́ fa ọ̀nà odò sínú àwòrán, kí ó fẹ̀ tó ibi tí ẹni méjì tó ru garawa lè gbà fún ara wọn, kí wọ́n tó pín ìyókù. Ìlà méjì ni lórí ìwé. Marina kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọmọ mi fi ń bi mí léèrè omi nígbà tí omi wà lẹ́yìn ògiri.

Wọ́n béèrè ìbéèrè mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá ọkọ̀ ojú omi kò léwu. Mo dá a lóhùn pé ó léwu fún ẹni tó bá gùn ún ní alẹ́, tàbí tó wọ èyí tí wọ́n kó èrò kún àkúnjù, tàbí tó sọ aṣọ ìléfòó di ìrọ̀rí ìdí. Bí awakọ̀ kò bá fún yín ní aṣọ náà, ẹ bọ́ sílẹ̀. Àgbà kan fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò gbà láti fi ọ̀nà sílẹ̀. Mo ní òun náà wà lára wọn, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé tirẹ̀, gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, ìgbà wo la ó lọ?

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni. A ó pàdé níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí a lè bá àwọn apẹja nígbà tí wọ́n bá ń gúnlẹ̀. A ó ti ibẹ̀ yà sí Ejìnrìn kí oòrùn tó mú. Ẹni tó bá ń bọ̀, kí ó wọ bàtà tí kò ní dùn ún bí ó bá rẹ sómi. Ọmọ ọmọ mi yóò bá wa lọ. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí, ó sì ti ń bi mí láti àná bóyá òun lè mú àwọ̀n lọ́wọ́.